Ọfà Kábọ́ọ̀nù Tàbí Ọfà Alumíníọ̀mù: Èwo Ni Kí Á Náwó Lé?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ọdẹ ni, ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ ni, ó sì kan ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta ẹran ìgbẹ́ lọ́jà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ owó àjẹṣẹ́kù wa ni.

Ohun tí ó fà á nìyí. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń wo ọrun òyìnbó nínú fóònù. Àwọn mìíràn ní ẹbí lókè òkun tí ó ti fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí wọn. Ní báyìí, àwọn ọdẹ tó wà láàárín wa ń béèrè bóyá ẹgbẹ́ lè yá àwọn lówó láti ra ọfà tí yóò bá irú ọrun bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn oníṣòwò wa náà ń béèrè bóyá ọjà tó lè tà ni. Oríṣi méjì ni ó sì pọ̀ jù lórí àtẹ àwọn tó ń tà á: èyí tí a fi kábọ́ọ̀nù ṣe, àti èyí tí a fi alumíníọ̀mù ṣe. Kábọ́ọ̀nù ni gbogbo ẹnu ń pè, nítorí òun ló dé kẹ́yìn, òun ló sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní, igi gángánrán má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí ẹnikẹ́ni tó tọwọ́ bọ ìwé ẹ̀yáwó, kí onídùúró kankan sì tó fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀rọ̀ náà láti òkèèrè.

ỌFÀ ÀWỌN BABA WA

Kì í ṣe àná ni ọfà dé ilẹ̀ wa. Kí ìbọn tó wọ̀lú ni ọdẹ ti ń fi ọrun pẹran. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì tí àwọn ará Kétu ń bọ, ọrun àti ọfà ni àmì rẹ̀. Títí di òní, àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ní Brazil, tí àwọn baba ńlá wọn ti ọ̀dọ̀ wa lọ, ń pe àmì náà ní "ofá". Alágbẹ̀dẹ ló ń rọ orí ọfà. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí pòpórò koríko tó le ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá rẹ̀. Ọfà náà fúyẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ ní ìyẹ́ nídìí.

Báwo wá ni ohun tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣe ń pa ẹran ńlá? Oró ni. Èso ìtàkùn kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Strophanthus hispidus wà lára ohun tí wọ́n ń lò káàkiri ìhà ilẹ̀ wa yìí. Ọkàn ẹran ni oró náà ń bá jà, títí ọkàn yóò fi dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Àwọn dókítà òyìnbó pàápàá ti yọ oògùn àrùn ọkàn lára ìdílé ìtàkùn yìí. Àwọn Ìbàrìbá tó bá wa pààlà lókè Kìṣí lọ́hùn-ún, wọ́n gbajúmọ̀ púpọ̀ nídìí ọfà olóró. Ní ọdún 1894, nígbà tí Lugard wá sí ilẹ̀ wọn láti bá àwọn ọba ibẹ̀ ṣe àdéhùn, ọfà olóró bà á lórí. Orí rẹ̀ ló kó o yọ. Òun náà ló wá di gómìnà àgbà Nàìjíríà ní ọdún 1914.

Ẹ kíyè sí ohun tí ìtàn yìí ń kọ́ wa. Láyé ìjọ́sí, oró ló ń pa ẹran. Ońṣẹ́ lásán ni ọfà. Bó bá ṣá ti gún awọ ẹran, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ọfà òde òní kò gbé oró kankan dání. Orí rẹ̀ tó mú bí abẹ ni yóò gé inú ẹran, yóò wọlé jìn, ẹ̀jẹ̀ yóò sì dà. Nítorí náà, ọ̀pá ọfà òde òní gbọ́dọ̀ tọ́, ó gbọ́dọ̀ le, ó sì gbọ́dọ̀ wúwo tó láti ti orí wọlé. Iṣẹ́ tí a bá rán ọfà ló ń sọ irú ọ̀pá tó yẹ ẹ́. Ẹni tó bá mú ọfà nítorí pé ó fúyẹ́ nìkan, kò tíì béèrè iṣẹ́ tó fẹ́ rán an.

Níbi tí a dé yìí, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ kan o. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun lè fi oògùn kòkòrò oko rọ́pò oró àtijọ́. Oògùn oko máa ń wà nínú ẹran títí dé inú ìkòkò ọbẹ̀, ó sì ń pa ènìyàn. Ẹni tó bá ta irú ẹran bẹ́ẹ̀ lọ́jà, ikú ló tà.

KÍ NI ÀWỌN MÉJÈÈJÌ YÌÍ GAN-AN?

Alumíníọ̀mù kì í ṣe àjèjì sí wa. Òun náà ni àwọn tó ń dá ìkòkò ládùúgbò wa máa ń yọ́. Ṣùgbọ́n ti ìkòkò rọ̀, ti ọfà le. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọfà tó dára, wọ́n ti po síńkì àti àwọn irin mìíràn mọ́ ọn, wọ́n sì fà á di ọ̀pá tó ní ihò nínú bíi páìpù. Doug Easton, ará Amẹ́ríkà, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi alumíníọ̀mù ṣe ọfà ní ọdún 1939, ọ̀nà tirẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tẹ̀ lé. Nọ́ńbà mẹ́rin ni ẹ óò rí lára ọ̀pá náà. Bí ẹ bá rí 2117, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá pín íǹṣì kan sí ọ̀nà 64, ọ̀pá náà fẹ̀ tó 21 nínú rẹ̀. Bí a bá sì pín íǹṣì kan sí ọ̀nà 1,000, ara páìpù náà nípọn tó 17 nínú rẹ̀. Oníṣòwò tó bá mọ èyí, wọn kò ní lè fi ọ̀pá kan pe òmíràn fún un.

Kábọ́ọ̀nù ńkọ́? Òwú ni. Òwú dúdú tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ni wọ́n tò jọ, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù líle dì mọ́ra títí ó fi gan. Ẹ̀yin ahunṣọ Ìsẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé jù. Ẹ mọ̀ pé bí a bá fa òwú òfì lóròó, ó lágbára, kò ní já. Ṣùgbọ́n bí nǹkan mímú bá fi ìbú kàn án, ó tán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kábọ́ọ̀nù. Agbára rẹ̀ ní òòró pọ̀ púpọ̀, ó fúyẹ́ ju alumíníọ̀mù lọ, kì í sì í tẹ̀ kó dúró bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, yóò padà tọ́. Àmọ́ bí nǹkan bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, òwú inú rẹ̀ lè já láìjẹ́ pé ojú rí i. Nọ́ńbà mẹ́ta ló sábà máa ń wà lára tirẹ̀: 500, 400, 340. Wọ́n á gbé ọ̀pá náà lé orí nǹkan méjì tó fi íǹṣì 28 jìnnà síra, wọ́n á so ohun tó wúwo tó gíráàmù 880 mọ́ ọn láàárín, wọ́n á wá wo bó ṣe tẹ̀ tó. Bó bá tẹ̀ tó ìdajì íǹṣì, 500 nìyẹn. Nítorí náà, bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ọ̀pá ṣe le tó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé nọ́ńbà ńlá ló dára jù.

ÌWỌ̀N EKU NI ÌWỌ̀N ÌTẸ́

Ẹ jọ̀wọ́, ọfà kì í fò lọ tààrà bí a ti rò. Bí ọṣán bá ti tì í, ó máa ń tẹ̀, ó máa ń já bí ejò díẹ̀, kó tó tọ́ lójú ọ̀nà. Bí ọ̀pá bá rọ̀ ju agbára ọrun lọ, yóò ṣìnà. Bó bá le jù, yóò ṣìnà síbòmíràn. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ọfà kan tó dára fún gbogbo ọrun, yálà kábọ́ọ̀nù ni tàbí alumíníọ̀mù. Oníṣòwò tó bá ra páálí ọfà kan ṣoṣo tó ní òun yóò tà á fún gbogbo ayé, yóò kó o sílé pẹ́.

Ìwúwo náà wà ńbẹ̀. Ọ̀pá alumíníọ̀mù 2117 tó gùn tó íǹṣì 28 wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 22 láìka orí mọ́ ọn. Kábọ́ọ̀nù 400 tó gùn bákan náà kò sábà ju bíi gíráàmù 15 sí 18 lọ. Èyí tó fúyẹ́ ń yára, èyí tó wúwo ń wọlé jìn, kì í sì í pariwo lára ọrun púpọ̀. Bí ọrun bá gba agbára bíi kílò 23 láti fà, odindi ọfà pẹ̀lú orí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju gíráàmù 16 lọ rárá. Àwọn ọdẹ òkè òkun máa ń jẹ́ kí tiwọn wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ọfà tó bá fúyẹ́ jù, bí ẹni tó ta ọrun lásán láìfi ọfà sí i ni, ọrun náà lè fọ́ mọ́ onítọ̀hún lọ́wọ́.

BÍ Ọ̀KỌ̀Ọ̀KAN ṢE Ń BÀJẸ́

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ilẹ̀ Òkè-Ògùn, ilẹ̀ òkúta ni. Ṣé òkè Àsàbàrí ní Ṣakí ni ká sọ ni, àbí Ẹbẹdí ní Ìsẹ́yìn, àbí àwọn òkè Adó-Àwáyè àti Ìgbẹ́tì? Ọfà tó bá tàsé ẹran nínú igbó wa, àfàìmọ̀ kó má lọ bá òkúta. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ ẹni tó fẹ́ ra ọfà nílẹ̀ wa ni pé, "Bó bá bá òkúta pàdé, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i, ṣé ojú mi yóò sì rí i?"

Bí alumíníọ̀mù bá bá òkúta pàdé, yóò tẹ̀. Ojú yóò rí i. Èyí tó tẹ̀ díẹ̀ tí ojú kò tètè rí, ẹ yí i lórí gíláàsì tó tẹ́jú. Bó bá ń fò sókè fò sílẹ̀, ó ti tẹ̀. Èyí tí kò tẹ̀ púpọ̀, wọ́n lè nà án padà, ṣùgbọ́n kì yóò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá sì ń nà án lánàátúnnà, yóò kán. Àléébù rẹ̀ náà nìyí: ó rọrùn láti tẹ̀. Ọfà tí ó bọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ tàbí tí ẹrù wúwo jókòó lé lẹ́yìn ọ̀kadà, ó ti di ọfà oníkókó.

Bí kábọ́ọ̀nù bá bá òkúta pàdé, ó lè fọ́ lójú ẹsẹ̀, ìyẹn kò burú, nítorí olúwarẹ̀ ti rí i. Èyí tó burú ni èyí tó sán sínú tí òde rẹ̀ ń dán. Ọdẹ á tún fi sẹ́nu ọṣán, á fà á, á fi í sílẹ̀. Agbára ọrun á wá fọ́ ọ yángá, àwọn èérún rẹ̀ tó mú bí abẹ́rẹ́ á sì wọ ọwọ́ tí ó fi di ọrun mú. Irú ìpalára bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lókè òkun, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é fi máa ń kọ ìkìlọ̀ sára páálí rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ bá bàjẹ́ ní àkókò ebè kíkọ, ta ni yóò san ẹ̀yáwó rẹ̀? Onídùúró ni.

Nítorí náà, ẹni tó bá ti ní kábọ́ọ̀nù lọ́wọ́, kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó ta á, ní gbogbo ìgbà. Kí ó wọ ìbọ̀wọ́, kí ó gbé e jìnnà sí ojú, kí ó di orí àti ìdí rẹ̀ mú, kí ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ó yí i, kí ó tún tẹ̀ ẹ́. Bó bá gbọ́ tí ó dún "ká", tàbí tí ọwọ́ bá ba ibi tó hán, kí ó ṣẹ́ ẹ sí méjì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà mú un lò. Ẹni tí kò bá ní sùúrù fún èyí, kábọ́ọ̀nù kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin náà ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Bí kábọ́ọ̀nù bá fọ́ sínú ìgalà tàbí ọ̀yà, èérún òwú dúdú yẹn lè wà nínú ẹran, sísè kò sì lè mú un rọ̀. Ẹ máa béèrè lọ́wọ́ ọdẹ pé kí ló fi pa á, ṣé odindi ọfà náà ló sì fà yọ. Bí kò bá yọ lódindi, kí wọ́n gé gbogbo ibi tí ọfà gbà kọjá dànù kí ẹran tó dé orí àtẹ. Oníbàárà kan tí èérún bá há lọ́nà ọ̀fun, ó tó láti ba ọjà obìnrin jẹ́ fún ọdún kan gbáko.

Ẹ̀WÁ ÌṢIRÒ

Ẹ má wo iye tí wọ́n ń ta ọfà kan nìkan, ẹ wo iye ìgbà tí yóò jíṣẹ́. Ká ní ọfà alumíníọ̀mù jẹ́ ₦5,000, ti kábọ́ọ̀nù jẹ́ ₦8,000. Àpẹẹrẹ lásán la mú o, iye ọjà ń yí. Bí ti àkọ́kọ́ bá jíṣẹ́ nígbà 20 kó tó bàjẹ́, ₦250 ni ó ná wa lẹ́ẹ̀kan. Bí ti èkejì bá jíṣẹ́ nígbà 40, ₦200 ni. Ọ̀rọ̀ wá dà bíi pé kábọ́ọ̀nù ló jàre. Òótọ́ sì ni, fún ẹni tó mọ ọfà ta tí kì í tàsé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ yóò tàsé lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ọfà rẹ̀ bá bá òkúta pàdé ní ọjọ́ kìíní, ₦8,000 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí alágbàtà tí yóò ra àfọ́kù kábọ́ọ̀nù, kò sì ṣe é yọ́. Alumíníọ̀mù tó tẹ̀, àwọn adákòkò yóò fi owó díẹ̀ gbà á. Owó díẹ̀ náà, owó ni.

IṢẸ́ TÓ WÀ FÚN ÀWỌN ALÁGBẸ̀DẸ WA

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí ìgbìmọ̀ wò dáadáa. Láyé àtijọ́, àwọn baba wa ń yọ́ irin fúnra wọn láti inú òkúta. Nígbà tí irin òyìnbó wọ ọjà lọ́pọ̀ yanturu, ìyọ́rin kú, ṣùgbọ́n àgbẹ̀dẹ kò kú, nítorí pé alágbẹ̀dẹ gba irin àlejò náà, ó rọ ọ́ di ọkọ́ àti àdá tiwa. Ọgbọ́n kan náà wúlò níhìn-ín. Kò pọn dandan kí a ra odindi ọfà lókè òkun. A lè ra ọ̀pá nìkan, kí alágbẹ̀dẹ wa rọ orí rẹ̀ kí ó ní ìrù tí yóò wọ inú ihò ọ̀pá náà ṣinṣin.

Nínú iṣẹ́ yìí, alumíníọ̀mù gba ojúure alágbẹ̀dẹ ju kábọ́ọ̀nù lọ. A lè fi gọ́ọ̀mù tí iná ń yọ́ lẹ orí mọ́ ọn, a sì lè fi iná díẹ̀ yọ ọ́ padà bí orí bá kú. Kábọ́ọ̀nù kò gbọ́dọ̀ rí irú iná bẹ́ẹ̀, nítorí gọ́ọ̀mù tó di òwú rẹ̀ mọ́ra yóò bàjẹ́; gọ́ọ̀mù tí a ń pò tútù ni ó ń fẹ́. Orí tí wọ́n sábà máa ń lò lókè òkun wúwo tó gíráàmù 6 àbọ̀. Alágbẹ̀dẹ tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ yìí, kí ó yá òṣùwọ̀n àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà, kí ìwúwo orí kan má yàtọ̀ sí èkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọfà mẹ́fà yóò gba ọ̀nà mẹ́fà lọ.

ÒFIN KÒ MỌ ỌFÀ YÀTỌ̀ SÍ ÌBỌN

Àwọn kan ń sọ pé nítorí pé òfin ìbọn ti ọdún 1959 fi ṣakabùlà sára ohun tó ń gba ìwé àṣẹ, ọrun ni kí àwọn máa gbé kí ẹnikẹ́ni má baà bi wọ́n léèrè. Ẹ ṣọ́ra o. Ọgbà ìpamọ́ ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní Old Oyo National Park, tó di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1991, tó sì gba ilẹ̀ tó tó kìlómítà 2,512 níbùú lóòró, ọ̀dọ̀ wa níbí ló wà. Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti Tédé bá a pààlà. Ẹni tó bá pẹran nínú rẹ̀, ìbáà ṣe ìbọn, ọfà tàbí tàkúté ló lò, ó ti rú òfin. Àwọn ẹranko mìíràn sì wà, bíi àkika, tí òfin ní ká má pa níbikíbi. Ẹgbẹ́ kò ní yá ẹnikẹ́ni lówó láti lọ ṣe ohun tí yóò gbé e dé ilé ẹjọ́.

Ní àsìkò tí ara gbogbo ènìyàn kò balẹ̀ yìí, ẹni tó bá ń gbé ọrun wọ igbó lálẹ́, kí ó jẹ́ kí baálẹ̀ àti olórí ọdẹ mọ̀. Nínú òkùnkùn, ta ni yóò mọ̀ pé ọmọ ilé ni?

ÌMỌ̀RÀN WA

Ohun tí a óò gbé síwájú ìpàdé gbogbogbòò nìyí. Èkíní, kí ẹgbẹ́ má yá ẹnikẹ́ni lówó páálí ọfà kábọ́ọ̀nù ní báyìí. Ẹni tó bá fi owó ara rẹ̀ rà á, kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti là á sílẹ̀. Èkejì, kí á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá alumíníọ̀mù díẹ̀ fún ọdẹ tó bá ti ní ọrun lọ́wọ́, lẹ́yìn tí a bá ti mọ agbára ọrun náà, kí ọ̀pá lè bá a mu. Ẹ̀kẹta, kí á fún àwọn alágbẹ̀dẹ tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ láǹfààní láti rọ orí rẹ̀, kí owó má baà gba ẹnu ọ̀nà jáde tán. Ẹ̀kẹrin, kí àwọn ọlọ́jà ẹran yan ẹni méjì tí yóò bá àwọn ọdẹ jókòó lórí ọ̀rọ̀ ẹran tí ọfà fọ́ sí.

Kì í ṣe pé a kórìíra ohun tuntun. Bí ọwọ́ àwọn ọdẹ wa bá ti mọ́ ọn, tí wọn kì í tàsé mọ́, a lè tún kábọ́ọ̀nù gbé yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ olókùúta, ọfà tí ń fi àìsàn rẹ̀ han ojú sàn ju èyí tí ń fi í pamọ́ sínú lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí à ń yá lówó.

Ẹni tó bá ní èrò mìíràn, kí ó mú un wá sí ìpàdé. Etí wa ṣí sílẹ̀. Kí Ọlọ́run bá wa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àṣẹ.